Bí A Ṣe Lè Fún Ehoro àti Ẹmọ́ Òyìnbó Ní Èso Láìpa Wọ́n Lára

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó ń sin ẹran kéékèèké nínú ilé ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí láti ọwọ́ yín ni èso ti ń dé ẹnu ehoro.

Àsìkò máńgòrò la wà yìí. Lásìkò yìí máńgòrò pọ̀ débi pé ní àdúgbò mìíràn, ẹnikẹ́ni kì í rà á mọ́. Ó ń já bọ́ sábẹ́ igi, ọmọ ń ṣà á wálé, ìyókù tí ọmọ kò jẹ tán a sì bọ́ sínú àgò ehoro. Àsìkò yìí náà ni wọ́n máa ń gbé ehoro tí inú rẹ̀ wú wá bá àwa tó ń tọ́jú ẹranko jù lọ. Mi ò wá síbí láti sọ pé kí ẹ má fún wọn ní èso rárá. Ohun tí mo wá sọ ni pé koríko ni oúnjẹ ehoro, koríko náà ni oúnjẹ ẹmọ́ òyìnbó tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè ní cobaye. Ìpanu ni èso jẹ́ fún wọn, ó sì ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n náà kò rí bákan náà fún ẹranko méjèèjì, nítorí ohun kan wà nínú èso tí ọ̀kan nílò tí èkejì kò nílò. Màá dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, torí ẹran jíjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sin ehoro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹmọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ilé tó ń sin méjì tàbí mẹ́ta kí ọmọ lè rí ohun bá ṣeré ń pọ̀ sí i, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èso sì ti ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń sìn ín tà kì í fi máńgòrò ṣòfò. Ìfẹ́ ọmọ sí ẹran rẹ̀ ló ń mú kí ó máa fún un lóhun dídùn, ìfẹ́ yẹn sì dára. Ẹ jẹ́ kí á kàn kọ́ ọmọ ní bí yóò ṣe fi hàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí inú ehoro ṣe rí. Níbi tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti pàdé ìfun ńlá, àpò kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju ikùn rẹ̀ lọ. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú àpò yẹn, àwọn ni wọ́n ń bá a da koríko líle tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dà. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ògì á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ògì tí ẹ fi omi tó tọ́ sí, tí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tó yẹ, á kan bó ṣe yẹ kó kan. Ẹ da ṣúgà sí i, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa yọ ìfófòó, òórùn rẹ̀ á yí padà, ẹ ò ní lè lò ó mọ́. Ohun tí èso púpọ̀ ń ṣe nínú àpò ehoro nìyẹn. Ṣúgà inú èso ń bọ́ àwọn kòkòrò burúkú, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clostridium. Wọ́n á pọ̀ borí àwọn kòkòrò rere, wọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ àti májèlé sínú ìfun. Inú á wú, á le, á sì máa dun ẹran náà gan-an.

Ọmọ ènìyàn tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ lè bì, kí ara sì fúyẹ́. Ehoro kò lè bì. Ẹmọ́ òyìnbó náà kò lè bì. Ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu wọn wọlé, ìdí nìkan ló lè gbà jáde. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwọ̀n nìyẹn: ohun tí ẹ bá fún wọn, ẹ ò lè gbà á padà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń ya. Ọ̀kan le, ó gbẹ, ó rí roboto. Ìyẹn la máa ń gbá kúrò nínú àgò láàárọ̀. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó so pọ̀ mọ́ra, a kì í sì í sábà rí i, torí bó ṣe ń jáde ni ehoro ń fi ẹnu gbà á lẹ́bàá ìdí tí ó sì ń gbé e mì, pàápàá ní òru àti ní ìdájí. Àwọn kan rí i, wọ́n ní ẹ̀gbin ni, wọ́n ń lu ẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú. Oúnjẹ ni. Inú ìgbẹ́ rírọ̀ yẹn ni ehoro ti ń rí àwọn fítámì tí kòkòrò inú àpò rẹ̀ ti ṣe fún un, bí kò bá sì jẹ ẹ́, ara rẹ̀ ò ní le.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí èso ti wọ̀ ọ́. Ehoro tó ti jẹ èso yó kì í jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ náà mọ́. Ìgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ á ṣàn jù, á lẹ̀ mọ́ irun ìdí rẹ̀. Ìyẹn ni àmì àkọ́kọ́, ó sì máa ń ṣáájú kí inú tó wú. Torí náà, ẹ máa yí ehoro yín lé ẹ̀yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, ní ojoojúmọ́ lásìkò èso. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dọ̀tí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ sì dá èso dúró pátápátá. Ẹ má fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Eṣinṣin máa ń yé sí irun tó dọ̀tí, nínú ooru àti ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ yìí, ẹyin náà lè di ìdin kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ìdin á sì wọ ẹran náà lára láàyè. Mo ti rí i, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ kankan rí lára ẹran tó fẹ́ràn.

Ti eyín náà wà níbẹ̀. Eyín ehoro àti ti ẹmọ́ òyìnbó kì í dẹ́kun gígùn. Eyín iwájú ehoro lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín ọdún kan bí kò bá sí ohun tó ń jẹ ẹ́ kù. Koríko tí wọ́n ń rún láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń jẹ ẹ́ kù. Èso rọ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ó dáa, kí wá ni ìwọ̀n? Bí a bá pín oúnjẹ wọn sí mẹ́wàá, ó kéré tán mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko, yálà tútù tàbí èyí tí a sá gbẹ. Ewé yúnyún dára, háhá àgbàdo dára. Ẹ̀yin ará Kétu tí àgbàdo pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má da háhá nù bí ẹ bá ní ehoro nílé. Ewé mìíràn tí wọ́n lè jẹ ló tẹ̀ lé e. Èso ló kẹ́yìn pátápátá. Ehoro tó wúwo tó kílò méjì, ṣíbí ìmutíì méjì èso tí a gé wẹ́wẹ́ tó o, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹmọ́ òyìnbó tó ti dàgbà, tí kì í sábà ju kílò kan lọ, ṣíbí ìmutíì kan tó o, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ ehoro tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má fún un ní èso kankan. Àwọn kòkòrò inú àpò rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Bí èso kan bá jẹ́ tuntun sí ẹran yín, ẹ fún un ní ègé kékeré kan ṣoṣo, kí ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fún un sí i.

Nínú ilé, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí àgbàlagbà gé èso náà, kí ó fi sínú abọ́ kékeré, kí ọmọ wá gbé e fún ẹran. Ọmọ á ní ayọ̀ rẹ̀, ẹran á ní ìpanu rẹ̀. Ọmọ tí ẹ gbé odindi máńgòrò lé lọ́wọ́ kò lè mọ ibi tí yóò ti dúró.

Máńgòrò ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn èso. Nínú gíráàmù 100 ẹran ara máńgòrò tó pọ́n, ṣúgà tó ìwọ̀n gíráàmù 14 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ju ti ìbẹ́pẹ lọ, èyí tó jẹ́ bíi 8, ó sì ju ti bàrà lọ, èyí tó jẹ́ bíi 6. Ẹ bó èèpo rẹ̀, torí oje tó wà lára èèpo àti nídìí ọmú máńgòrò máa ń ta ẹnu, ó sì máa ń ta awọ. Kóró rẹ̀, ẹ má jù ú sí wọn. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n níwọ̀nba dára jù ú lọ, kí ẹ sì yọ kóró rẹ̀ náà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni ehoro fẹ́ràn jù, òun náà ló sì tètè ń dí wọn nínú. Ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó dára bí ó bá kéré, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń ti Alada wá, pain de sucre yẹn, dídùn rẹ̀ pọ̀. Ìdajì ìwọ̀n tí mo sọ ni kí ẹ fún wọn. Bàrà jẹ́ omi púpọ̀, bí ẹ bá fún wọn jù, ìgbẹ́ á ṣàn. Mo mọ̀ pé lásìkò ooru, àánú ẹran máa ń ṣe wá, a ó sì fẹ́ fi bàrà tù ú lára. Omi mímu tó mọ́, tó tutù, àti ibòji ni kí ẹ fún un. Ooru tó bá kọjá ìwọ̀n 30 máa ń ni ehoro lára gidigidi, èso kọ́ ló sì lè gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Sábẹ, níbi tí ilé iṣẹ́ ṣúgà wà, ìrèké kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín. Ewé ìrèké, koríko ni. Ẹ lè fún ehoro. Ọ̀pá ìrèké fúnra rẹ̀, ẹ pa á mọ́ fún àwọn ọmọ. Èso gbígbẹ, omi èso inú ìgò, jáàmù, bisikíìtì, gbogbo wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀. Àgbọn lọ́ràá jù. Bí ẹ bá ra ápù, ẹ yọ kóró inú rẹ̀, torí májèlé wà nínú kóró yẹn. Tòmátì tó pọ́n díẹ̀ kò burú. Ewé rẹ̀ àti ọmọ tòmátì tó ṣì tutù burú.

Èso kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mú orúkọ rẹ̀ lọ sílé, èyí ni píà, tí ẹlòmíràn ń pè ní avocat. Ẹ má fún ehoro. Ẹ má fún ẹmọ́ òyìnbó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n rárá. Ohun kan wà nínú píà tí à ń pè ní persin, kò sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń ba iṣan ọkàn àwọn ẹranko wọ̀nyí jẹ́, omi á kún àyà wọn, wọn ò ní lè mí mọ́. Ó wà nínú èso, nínú èèpo, nínú kóró, nínú ewé pàápàá. Àgbàlá tó ní igi píà kò ṣọ̀wọ́n nílùú yìí, ewé rẹ̀ ń já bọ́, ọmọdé sì lè rò pé ewé tútù ni, kí ó fi bọ́ ẹran. Bí igi píà bá wà nílé yín, ẹ má gbé àgò sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka igi náà han ọmọ yín.

Mo sọ pé ohun kan wà nínú èso tí ọ̀kan nínú ẹranko méjèèjì nílò. Fítámì C ni. Ara ehoro ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, torí náà fún ehoro, èso kò ju ìpanu lọ. Ara ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ara àwa ènìyàn náà kò ṣe lè ṣe é. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, irun rẹ̀ á máa rí játijàti, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa ké bí ẹ bá gbé e, erìgì rẹ̀ á ṣẹ̀jẹ̀, kò ní fẹ́ rìn mọ́.

Ní ọdún 1907, àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, Axel Holst àti Theodor Frølich, ń wá ìdí àìsàn kan tó ń ṣe àwọn atukọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní beriberi. Wọ́n fi ọkà àti burẹ́dì nìkan bọ́ ẹmọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn ló ṣe wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní scorbut, tí àìní fítámì C ń fà. Nígbà tí wọ́n fi kábéèjì tútù kún oúnjẹ wọn, àìsàn náà kò jà mọ́. Mo ń rántí ìtàn yìí nígbàkigbà tí mo bá wọ ilé tí wọ́n ti ń fi èèrí àgbàdo àti gàrí nìkan bọ́ ẹmọ́ òyìnbó, torí ohun tí àwọn méjì yẹn ṣe láti fi wá ìmọ̀ ni à ń ṣe láìmọ̀. Àwọn tó ń ra oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń ta fún ehoro náà wà nínú ewu: torí pé ehoro kò nílò fítámì C, wọn kì í fi sí i.

Ẹmọ́ òyìnbó tó wúwo tó kílò kan nílò mílígíráàmù 10 sí 20 lóòjọ́, èyí tó lóyún nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 30. Gúáfà, tí à ń pè ní goyave níbí, ní ju 200 mílígíráàmù lọ nínú gíráàmù 100. Ègé gúáfà kan ṣoṣo tó wúwo gíráàmù 10, tó tó orí àtàǹpàkò àgbàlagbà, ti tó o fún ọjọ́ kan. Ọsàn mímu tó wúwo bákan náà ní bíi mílígíráàmù 5, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó 1. Ẹ rí i pé èso tó dùn jù lẹ́nu kọ́ ló ń ṣe é lóore jù.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó nílò fítámì yìí, mo sì ti sọ pé èso kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ẹ lọ bá tàtàsé. Tàtàsé pupa ní ju 120 mílígíráàmù lọ nínú gíráàmù 100, ṣúgà rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti gúáfà. Ẹ gé bíi gíráàmù 15, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ fún un láràárọ̀ pẹ̀lú koríko tútù. Tàtàsé ni mo wí o, kì í ṣe ata rodo. Ẹ fi gúáfà sí ọjọ́ èso. Ẹ má po fítámì sínú omi mímu rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru tètè ń bà á jẹ́, omi náà sì lè korò lẹ́nu rẹ̀ tí kò fi ní mu ún mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kò gùn. Nírọ̀lẹ́ ní ọjà Ouando, àwọn oníṣòwò máa ń da èso tó ti rà nù. Èso tó ti rà kò yẹ fún ẹran tí ikùn rẹ̀ ẹlẹgẹ́ tó báyìí. Èyí tí ẹ ò lè fún ọmọ yín jẹ, ẹ má fún wọn. Ẹ fọ èso dáadáa torí oògùn tí wọ́n ń fín sí i lóko, kí ẹ sì kó ìyókù kúrò nínú àgò kí èèrà tó bò ó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kọ mẹ́ta nínú rẹ̀ síbí.

Ìyá kan béèrè nípa èèpo èso tó ń ṣẹ́kù nílé ìdáná. Mo ní èèpo bàrà dára ju inú rẹ̀ lọ, torí ṣúgà rẹ̀ kéré, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ kò burú. Ti máńgòrò àti ti ọsàn, ẹ dà wọ́n nù.

Ọmọkùnrin kan ní ehoro òun kì í jẹ koríko mọ́, àfi kí òun fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní, ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ ló fẹ́ dààmú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mọ́ ọn lẹ́nu. Dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi tán, máa gbé oríṣiríṣi koríko tútù sí i níwájú, háhá àgbàdo àti yúnyún, kí o sì máa wo bóyá ó ń yàgbẹ́. Má ṣe fi ebi pa á kí ó lè jẹ koríko. Ehoro tó bá lo wákàtí 12 láìjẹ ohunkóhun, ìfun rẹ̀ lè dúró, ìyẹn sì lè pa á.

Bàbá kan béèrè pé bí inú ehoro bá wú, ṣé kí òun tú amoxicilline sí i lẹ́nu, èyí tí a máa ń lò fún ọmọ. Mo dúpẹ́ pé ó béèrè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, ẹ má sì fún ẹmọ́ òyìnbó. Oògùn yẹn, bó bá gba ẹnu wọn, á pa àwọn kòkòrò rere inú àpò wọn, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn burúkú, wọ́n sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ehoro bá káwọ́ jọ sí igun kan, tó ń wa eyín pọ̀, tí inú rẹ̀ le, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dínkù tàbí tó dáwọ́ dúró, ẹ yọ èso kúrò, ẹ fi koríko àti omi sílẹ̀ fún un, ẹ di díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ gbé òun àti ìgbẹ́ náà tọ dókítà ẹranko lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó.